Ọmọrí Ìkòkò Lórí Ike Òjò

Gbogbo òyìnbó tó ń ṣèwádìí ojú ọjọ́ lágbàáyé, èmi ni ọ̀gá wọn.

Òjò ba kòkó ìyá àgbà mi jẹ́ lọ́dún tó kọjá, ni òyìnbó kan bá wá gbé ike tí wọ́n fi ń wọn òjò sí oko rẹ̀ ní Ìta-Ògbólú.

Ó padà dé lónìí. Ike gbẹ táútáú. Ó ní bí òjò kò bá ń rọ̀ níbí, òun á gbé e lọ sí Ipogun.

Mo bi ìyá àgbà.

"Mo fi ọmọrí ìkòkò bò ó ni. Àlejò fi nǹkan síni lọ́wọ́, ẹ wá ní kí òjò máa pa á?"

Mo túmọ̀ rẹ̀. Òyìnbó jókòó sílẹ̀.

"Sọ fún un pé iṣu ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jinná."

Ó jẹun, ó fi ike sílẹ̀ fún wa.

Ọ̀gá tí mo pe ara mi yẹn, irọ́ ni. Ògbufọ̀ lásán ni mí. Òótọ́ ni ti ọmọrí. Òjò ń rọ̀ báyìí, ìyá àgbà sì tún ti dé ike náà padà.

Ta ló máa bá mi ṣí i nínú yín?