Ọjọ́ Tí Èmi àti Ọ̀gá Mi Pàdé Níbi Intafíù

Nígbà tí Èkìtì ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Oǹdó, mo ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ìlagi kan ní Ìkẹ́rẹ́. Ọ̀rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ni wọ́n fi síkàáwọ́ mi: ẹni tí a fẹ́ gbà, ẹni tí a fẹ́ lé, ẹni tó ń wá ìsinmi, ẹni tó bá ẹlòmíì jà nídìí ẹ̀rọ. Àwa méjì péré la wà ní ọ́fíìsì náà, èmi àti ọ̀gá mi, díákónì kan tó máa ń rọra sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ìjọ ń gbọ́ ọ.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń rò ó pé kí n wá iṣẹ́ mìíràn, ṣùgbọ́n n kò mọ ìgbà tó yẹ kí n lọ. Ìyá mi tó ń ṣe oko kòkó kò tilẹ̀ fẹ́ gbọ́ ọ sétí.

"Uṣẹ́ tó ń bọ́ ọ," ló máa ń wí, "lo fẹ́ máa sá fún bí ẹni tí oyin ń lé."

Dírẹ́bà kan ló là mí lójú. Ó wọlé láàárọ̀ ọjọ́ kan, kó sì tó la ẹnu, mo ti sọ fún un pé, "Ìyá ìyàwó rẹ ń ṣàìsàn ní Ìjàn, àbí? O fẹ́ gba ìsinmi."

Ọkùnrin náà fẹ̀yìn ti ògiri. "Mà, ta ló ti wá sọ fún yín?"

Kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Mo kàn ti gbọ́ gbogbo ẹjọ́ ilé iṣẹ́ yẹn tán ni, mo ti mọ ohun tí kálukú máa ń wá tọrọ ìsinmi fún. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè mí ní wòlíì, tí àwọn kan sì ń wá bi mí bóyá ọkùnrin ni ìyàwó wọn máa bí. Mo mọ̀ pé àsìkò ti tó.

Ilé iṣẹ́ kan ní Akúrẹ́ ń wá ẹni tó máa bójú tó òṣìṣẹ́ wọn, wọ́n sì pè mí fún intafíù. Mo sọ fún ọ̀gá mi pé mò ń lọ sin àbúrò bàbá mi ní Ẹmùré. Ó bá mi kẹ́dùn gan-an. Ó ní òun náà kò ní wá síṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn, òun fẹ́ lọ ṣàyẹ̀wò ojú.

Nígbà tí mo wọ yàrá tí wọ́n ní ká ti dúró ní Akúrẹ́, ọkùnrin kan jókòó ní kọ̀rọ̀, ó wọ kóòtù, ó fi ìwé ìròyìn bojú. Mo mọ bàtà yẹn.

"Ẹ káàárọ̀ sà," ni mo wí, mo kúnlẹ̀.

Ìwé ìròyìn náà rọra wálẹ̀.

"Wọ́n ti sin bàbá náà tán?" ló bi mí.

"Wọ́n ṣì ń múra, sà. Ojú yín ńkọ́?"

"Ó ti ń ríran. Ó tiẹ̀ ríran jù."

Èmi ni wọ́n kọ́kọ́ pè wọlé. Obìnrin àgbàlagbà tó jẹ́ olórí wọn bi mí pé, "O ní ọ̀gá rẹ lè jẹ́rìí sí ìwà rẹ. Báwo la ṣe máa rí i?"

"Ó wà níta, mà."

"Ó sìn ọ́ wá ni?"

"Rárá, mà. Iṣẹ́ yìí lòun náà ń wá."

Tíì gba ibi tí kò yẹ lọ lọ́fun ẹnì kan nínú wọn. Wọ́n pe ọ̀gá mi wọlé, wọ́n bi í bóyá mo lè ṣe iṣẹ́ náà. Ó gbójú sókè, ó mí kanlẹ̀.

"Mo ti pa irọ́ kan nítorí iṣẹ́ yìí," ló wí. "Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n fi èkejì kún un. Ó mọ̀ ọ́n ṣe jù mí lọ."

Èmi ni wọ́n gbà.

Ọkọ̀ kan náà la jọ wọ̀ padà. Ojú ń tì mí, fèrèsé ni mo kọjú sí. Ìgbà tí a ń rí òkè Olósùnta, àpáta ńlá Ìkẹ́rẹ́, lọ́ọ̀ọ́kán ni ọ̀gá mi tó yíjú sí mi.

"Má banú jẹ́. Ìyàwó mi ló ní kí n wáṣẹ́ tó jìnnà sílé. Ó ní ojoojúmọ́ ni mò ń wálé wá jẹun ọ̀sán, òun ò ráyè ṣe nǹkan kan mọ́."

Ìkẹ́rẹ́ ló wà títí tó fi fẹ̀yìn tì. Ìyàwó rẹ̀ ra kúlà ńlá kan fún un, ó sì ń di oúnjẹ ọ̀sán sínú rẹ̀ láràárọ̀ kó tó jáde.