Àkàtànpó Dàágbó àti Ọ̀yà Tí Mi Ò Ta

Nígbà tí mo ṣì kéré débi pé ńṣe ni wọ́n ń gbé mi sọ sínú ọkọ̀ ojú omi bí ẹni gbé àpò àgbọn, bàbá bàbá mi gbà láti kọ́ mi ní iṣẹ́ ọdẹ. Dàágbó là ń pè wọ́n, torí Ègùn ni wá. Ẹ má wulẹ̀ bi mí léèrè ìbọn. Àkàtànpó ni tiwọn: ọrun tí a dè mọ́ orí igi gbọọrọ, tí igi pẹlẹbẹ kan wà lábẹ́ rẹ̀ tí èèyàn ń fà kí ọfà tó fò.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí wọ́n ti rẹ́ mi jẹ, torí mo kàwé dé yunifásítì, mo sì mọ ìrẹ́jẹ bí mo bá rí i. Ọjọ́ kan náà la bẹ̀rẹ̀, èmi àti ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó jù mí lọ díẹ̀. Torí pé ó jẹ́ ọkùnrin, lójú ẹsẹ̀ ni Dàágbó fún un ní ọfà. Èmi ńkọ́? Odindi ìgbà òjò ni mo fi gbé àkàtànpó òfìfo kiri láàrin oko àgbọn wa ní ìlú Ìwórò. Bí mo bá kọ orí rẹ̀ sí èèyàn pẹ́nrẹ́n, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ mi, bẹ́ẹ̀ kò sí ọfà lórí rẹ̀! "Ọmọ mi, ọfà ò mọ ìbátan," ni wọ́n á wí, wọ́n á sì tú akàn sísè tí wọ́n wé sínú ewé fún mi. Ta ló lè bínú sí irú èèyàn bẹ́ẹ̀ pẹ́?

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé, wọ́n ní kí èmi náà mú ọfà kan. Bí mo bá ṣe é re lọ́jọ́ náà, n ó máa bá wọn lọ sígbó. Bí n kò bá ṣe é re, ìdí ààrò ẹja yíyan ni n ó padà sí, ẹ̀gbọ́n mi nìkan ni yóò sì máa tẹ̀ lé wọn.

Létí ọ̀sà, Dàágbó àti ẹ̀gbọ́n mi wà lẹ́yìn mi, koríko ń mì níwájú mi, ohun kan ń jẹun nínú rẹ̀. Mo fẹsẹ̀ tẹ ọrun mọ́lẹ̀, mo fa okùn, mo fi ọfà lé e.

"Ta á!" ni ẹ̀gbọ́n mi ń sọ wúyẹ́wúyẹ́.

"Mi ò rí ẹsẹ̀ rẹ̀, mi ò mọ̀ bóyá ẹran ni."

"Ẹsẹ̀? Ṣé bàtà lo fẹ́ rà fún un ni?"

Mi ò ta á. Lójijì, ọ̀yà ràbàtà kan fò jáde, ó pòórá sínú igbó etí omi.

"Ọbẹ̀ ti lọ o!" Ẹ̀gbọ́n mi káwọ́ lérí. Mo bú sẹ́kún. Mo ti gbà pé ìdí ààrò ni ilé mi.

Dàágbó yọ ọfà, wọ́n dẹ okùn, wọ́n wá yíjú sí ẹ̀gbọ́n mi. "Kí lo rí kó tó fò jáde?"

"Koríko ni, Dàágbó."

"Ṣé koríko la wá pa?" Wọ́n fi ọfà náà lé mi lọ́wọ́. "Ẹni tó lè jẹ́ kí ẹran lọ ni mo lè mú wọgbó. Lọ́la, ìwọ lo máa gbé àkàtànpó."

Ọbẹ̀ akàn ṣáá la jẹ lálẹ́ yẹn. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí wọ́n kó gbogbo ẹsẹ̀ akàn fún mi, ṣebí ẹsẹ̀ ni mò ń wá. Mo jẹ gbogbo rẹ̀ tẹ̀rín-tẹ̀rín.

Lónìí, odi ti yí oko àgbọn wa ká. Níbi tó ṣẹ́ kù, ìbọn ni àwọn ọ̀dọ́ ń gbé, ohun tó bá ti mì ni wọ́n ń yìn ín sí. Láìpẹ́ yìí, ọta ọ̀kan nínú wọn gba ẹ̀gbẹ́ orí ìyá kan tó ń ṣa igi kọjá. Mo lọ bá olórí wọn, mo to ẹ̀sùn mi lẹ́sẹẹsẹ: wọn ò pariwo kí wọ́n tó yìn ín, wọn ò wo ohun tó wà lẹ́yìn koríko, wọn ò tiẹ̀ bẹ ìyá náà.

Ó rẹ́rìn-ín. "Màmá, ẹ fara balẹ̀. Ayé ti yí padà."

Ayé ti yí padà lóòótọ́, ẹ̀yin ọmọ mi. Ṣùgbọ́n obìnrin tó ń ṣa igi ṣì gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, bó bá sì ti bẹ̀rẹ̀ sínú koríko, kò ga ju ẹran lọ.