Ọṣẹ Abẹ́ Ṣéènì

Bí ilẹ̀kùn bá ké nílé mi, kíá ni mo máa ń da òróró sí i. Àwọn ọmọ mi a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìyá àwọn ti bẹ̀rẹ̀ o. Wọn ò mọ ohun tí mò ń gbọ́. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ti ilé iṣẹ́ tí mo ti ṣiṣẹ́ rí pa, ṣùgbọ́n ṣéènì ibẹ̀ ò tíì dákẹ́ létí mi.

Láyé sáápù, nígbà tí àwọn ṣójà ń ṣèjọba tí gbogbo nǹkan wọ́n gógó, ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń rọ ohun mímu sínú ìgò ni mo ti ṣiṣẹ́ n'Íkẹjà. Ṣéènì irin gígùn kan ló ń gbé àwọn ìgò lọ. Lábẹ́ rẹ̀, rọ́bà funfun pẹlẹbẹ wà lọ́tùn-ún lósì, òun ni ṣéènì ń yọ̀ lé lórí kí irin má baà máa jẹ irin. Iṣẹ́ tèmi ni kí n po ọṣẹ ilé iṣẹ́, tí òórùn rẹ̀ yàtọ̀ sí ti ọjà, mọ́ omi nínú dúrọ́ọ̀mù, kó máa kán sórí rọ́bà náà láti àárọ̀ títí a ó fi ṣíwọ́. Bí ó bá gbẹ, rọ́bà á gbóná, á sì jẹ tán.

Bàbá kan, ará Ògbómọ̀ṣọ́, ló ń tún ẹ̀rọ náà ṣe. Bó ṣe ń tọ́jú rọ́bà yẹn, ẹ ó rò pé eyín ẹnu rẹ̀ ni. Á ṣa àfọ́kù ìgò tó há sí i kúrò. Á dẹ ṣéènì díẹ̀, torí ó ní ṣéènì tó bá le jù ń jẹ ibi tó dúró lé. Bí ojú kan bá jẹ, á yí i sí ojú kejì. Ìlú òyìnbó ni rọ́bà náà ti ń wá, náírà wa sì ti já wálẹ̀.

Ọṣẹ náà ti di góòlù níta. Ìbejì ni mo bí, funfun sì ni aṣọ ilé ìwé wọn. Kúlà tí mo fi ń gbé ẹ̀bà wọlé ni mo fi ń gbé ọṣẹ jáde láti fọ aṣọ náà, tí mò ń fi omi lásán dí àyè rẹ̀ nínú dúrọ́ọ̀mù. Mo máa ń sọ fún ara mi pé ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nídìí pẹpẹ, ìdí pẹpẹ náà ló ti ń jẹ.

Ṣéènì bẹ̀rẹ̀ sí í han. Rọ́bà tó ń lò ju ọdún kan lọ kò lo oṣù méjì mọ́. Nígbà tí rọ́bà tán pátápátá, bàbá gbẹ́ igi dípò rẹ̀, ó sè é nínú àdín kó lè máa yọ̀. Òórùn àdín tó ń jóná gba gbogbo ibi iṣẹ́. Igi náà jẹ.

Ọ̀gá wa ní bàbá ló ń kó rọ́bà lọ tà l'Ágége. Wọ́n tú àpò rẹ̀ lẹ́nu géètì lójú gbogbo wa, wọn ò bá nǹkan kan níbẹ̀, síbẹ̀ wọ́n fún un níwèé kó máa lọ. Mo dúró sítòsí, kúlà wà lápá mi. Ó yẹ kí n jẹ́wọ́ níbẹ̀. Ẹ̀rù pé iṣẹ́ á bọ́ lọ́wọ́ mi ló bà mí, ká má parọ́.

Àwọn ìbejì ti ilé ìwé dé, wọ́n ń dúró dè mí níta. Bàbá yà sọ́dọ̀ wọn. Ó fọwọ́ pa kọ́là aṣọ ọ̀kan nínú wọn, ó gbé ìka náà sí imú, ó wá wo kúlà mi.

"Ìyá ìbejì," ó ní, "o mọ aṣọ fọ̀."

Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Ẹ ṣé, bàbá." Gbogbo ohun tí mo sọ náà nìyẹn.