Àtàǹpàkò Ọ̀gá Ìdérí

Káfíńtà ni, iṣẹ́ náà sì mọ́ ọn lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe iṣẹ́ ló sọ ọ́ di ẹni tí gbogbo ènìyàn mọ̀. Ẹnu ni. Ẹgbẹ́ kan wà lórí fóònù fún àwọn káfíńtà tó ń lo ẹ̀rọ olówó ńlá, àwọn tí kì í fi ọwọ́ fa ayùn mọ́, tí ayùn wọn ń fi iná ṣiṣẹ́, tí wọ́n tún ní ẹ̀rọ mìíràn tó ń fa lẹ́búlẹ́bú pákó kó tó balẹ̀. Bí ènìyàn bá gbé àwòrán iṣẹ́ rẹ̀ síta níbẹ̀ láàárọ̀, kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná, wọ́n á ti dá sí i títí. Èyí á ní oríkèé rẹ̀ ṣe déédéé, èyí á ní igi náà kò gbẹ tó, èyí tí kò ní nǹkan kan sọ á na àtàǹpàkò sókè, á sì bá tirẹ̀ lọ.

Ohun tí ọkùnrin wa yìí máa ń sọ kò ju ẹyọ kan lọ. Ayùn orí tábìlì ní ike kan tó máa ń bo eyín rẹ̀, kí ọwọ́ ènìyàn má bàa kó sí i. Ìdérí ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó bá ṣèèṣì gbé àwòrán síta tí ìdérí kò sí lórí ayùn rẹ̀, ó wọ gàù. "Ìdérí dà?" ni ọkùnrin wa á kọ́kọ́ bèèrè, lẹ́yìn náà á wá bẹ̀rẹ̀ ìwàásù. Ó wàásù títí wọ́n fi sọ ọ́ ní Ọ̀gá Ìdérí. Orúkọ náà dùn mọ́ ọn débi pé ó fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, gàdàgbà-gàdàgbà. Aránṣọ ni ìyàwó rẹ̀, yàrá tó fara kan ṣọ́ọ̀bù náà ló ti ń ránṣọ. Ó wo ògiri, ó wo ọkọ rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ó ní. "Bí ẹ bá ti fi ọ̀dà sílẹ̀, ẹ bá mi wo àga mi tó ń mì."

Ọ̀gá Ìdérí ní òun ti gbọ́. Àga náà ń mì lọ.

Ọkùnrin kan wà nínú ẹgbẹ́ yìí tí wọ́n ń pè ní Onílẹ̀kùn, nítorí pé ilẹ̀kùn ló sábà máa ń ṣe. Níbi tí àwọn yòókù fi àwòrán ojú wọn sí, àwòrán ilẹ̀kùn lòun fi síbẹ̀. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Lọ́jọ́ kan, ó gbé àwòrán ọwọ́ rẹ̀ síta, báńdéèjì ló wé mọ́ ọn, ó sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Mo yọ ìdérí kí iṣẹ́ lè yá. Ìka mi kan ti lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe irú rẹ̀."

Ẹni tó ní àánú lójú kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ohun tí yóò sọ. Ṣùgbọ́n lójú Ọ̀gá Ìdérí, ọjọ́ tòun ló dé yìí. Kò tilẹ̀ jẹ́ kí ẹlòmíràn kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó kọ ọ́ pé: "Ẹ kú ìnáwó ìka. Ó ku mẹ́sàn-án, ẹ yáa wá ìdérí fún ìyẹn."

Ẹgbẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Àwọn ojú kéékèèké tó ń rẹ́rìn-ín títí omi fi ń dà lójú wọn kún ojú fóònù fọ́fọ́. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, Onílẹ̀kùn ti di Ó-Ku-Mẹ́sàn-án. Nígbà tó yá, ọkùnrin náà rọra yọ ara rẹ̀ kúrò nínú ẹgbẹ́.

Ọ̀gá Ìdérí ka gbogbo rẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀, bó ti ń kà á ló ń fọwọ́ gbá itan. Obìnrin náà gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ ìránṣọ.

"Ṣé ẹ tiẹ̀ kí i ní pẹ̀lẹ́?"

"Ọgbọ́n ni mo kọ́ ọ."

"Kí ẹ tó kọ́ ọ lọ́gbọ́n, ṣé ẹ kí i ní pẹ̀lẹ́? Ẹni tí mi ò mọ̀ rí bá kọsẹ̀ níwájú ilé yìí, màá kí i."

"O ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe lórí fóònù ni."

"Mi ò mọ̀ ọ́n lóòótọ́," ìyàwó dáhùn, ó sì tẹ ẹ̀rọ rẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí ti tán lọ́kàn Ọ̀gá Ìdérí pátápátá nígbà tí iléèwé kan gbé iṣẹ́ pẹpẹ ìkówèésí fún un. Iṣẹ́ gidi ni, wọ́n sì fẹ́ kó parí kí àwọn ọmọ tó wọlé. Ó ní kí òun fi bí òun ṣe ń gé e han ẹgbẹ́. Ó gbé fídíò síta, wọ́n ní àwọn kò rí ibi tí eyín ayùn ti ń jẹ igi, ìdérí ló dí àwọn lójú. Ó ní kí wọ́n fún òun di ọ̀la.

Lọ́jọ́ kejì, ó gbé fóònù kọ́ dáadáa, ó yọ ìdérí, ó sì dì í mú síwájú fóònù. "Ẹ̀yin ènìyàn mi, ìdérí rèé. Ẹni tó bá fẹ́ràn ọwọ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ yọ ọ́ láéláé." Ó sọ ọ́, ó sì fi ìdérí náà kọ́ sórí ìṣó lára ògiri, lábẹ́ orúkọ tó fi ọ̀dà pupa kọ. Kò kà á sí ẹ̀ṣẹ̀. Nítorí fídíò ni, bó bá ti gé pákó kan ṣoṣo tán, yóò dá a padà. Ó tan ayùn. Ọwọ́ rẹ̀ ń ti pákó lọ, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò sí lára pákó mọ́, fóònù ló ń wò, bóyá eyín ayùn hàn. Eyín ayùn hàn kedere. Pákó náà ta padà lójijì, ọwọ́ òsì rẹ̀ sì yọ̀ síwájú.

Kò kọ́kọ́ dùn ún. Ẹ̀jẹ̀ ló rí, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá mọ̀ pé tòun ni. Ó figbe ta. Ìyàwó rẹ̀ sáré wọlé pẹ̀lú aṣọ oníbàárà tó ń rán lọ́wọ́, ó fi wé ọwọ́ náà láì ro ti ẹni tó ni ín. Ní ọsibítù, wọ́n rán ohun tó ṣẹ́ kù. Àtàǹpàkò òsì ti lọ láti oríkèé sókè.

Nígbà tí wọ́n ń padà sílé, ọkùnrin náà sọ̀rọ̀ láì wo ojú ìyàwó rẹ̀. "Ilẹ̀kùn ló dé mọ́ mi lọ́wọ́. Ohun tí a máa sọ nìyẹn."

"Ilẹ̀kùn wo? Géètì onírin là ń fà sókè fà sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù."

"Ilẹ̀kùn ilé oníbàárà."

Ìyàwó rẹ̀ yíjú sí ojú ọ̀nà, ìyẹn sì dun ọkọ ju kó bú u lọ.

Nígbà tí ẹgbẹ́ gbọ́, pẹ̀lẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ bí òjò. Ẹ pẹ̀lẹ́, ọ̀gá wa. Ẹ pẹ̀lẹ́ gan-an ni. Ilẹ̀kùn burúkú gbáà! Ẹnì kan tilẹ̀ kọ ọ́ pé, "Ẹ wo ayé, ẹni tí ìdérí kì í kúrò lórí ayùn rẹ̀ ni ilẹ̀kùn wá ṣe léṣe." Ọ̀gá Ìdérí kà á, ojú tì í, ó da ojú fóònù náà dé sórí bẹ́ẹ̀dì. Ohun tí ìyàwó rẹ̀ bi í lọ́jọ́sí, ṣé ẹ tiẹ̀ kí i ní pẹ̀lẹ́, ló ń dún létí rẹ̀.

Iṣẹ́ iléèwé wá ńkọ́? Alága ẹgbẹ́ pè é, ó ní kó fọkàn balẹ̀, òun ti bẹ ẹnì kan tí ilé rẹ̀ kò jìnnà, iṣẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, yóò wá bá a parí rẹ̀. Ọ̀gá Ìdérí dúpẹ́ títí.

Ẹni tó wá jẹ́ bàbá àgbàlagbà kan, irun rẹ̀ funfun báláú, àpótí irinṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀gá Ìdérí rò pé ó ṣìnà ni.

"Ẹ káàbọ̀, bàbá. Ta lẹ ń wá?"

"Ìwọ ni, àbúrò. Alága ló ní kí n wá. Onílẹ̀kùn ni wọ́n ń pè mí."

Ó na ọwọ́ láti kí i. Ìka kan kò sí níbẹ̀.

Bí ilẹ̀ bá lanu lásìkò náà, Ọ̀gá Ìdérí á kó sínú rẹ̀ láì bèèrè bó ṣe jìn tó. Àwòrán ilẹ̀kùn kì í hu ewú. Láti ìgbà náà wá, ojúgbà òun ló rò pé ọkùnrin náà jẹ́. Àṣé ẹni tó lè bí i lọ́mọ ló fi ṣe yẹ̀yẹ́ níṣojú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ó tẹrí ba, ó ń ká ọwọ́ tí wọ́n wé sẹ́yìn bí ọmọ tó jí ẹran jẹ.

Bàbá wọlé. Ó wo ayùn. Ìdérí kò sí lórí rẹ̀. Ó gbójú sókè, ó rí i lórí ìṣó lábẹ́ ọ̀dà pupa, ó ka orúkọ tó wà lókè rẹ̀, lẹ́yìn náà ló wo ọwọ́ oníbáńdéèjì. Káfíńtà wo ni kò mọ̀ pé ilẹ̀kùn a máa tẹ ìka fọ́ ni, kì í gé e lọ? Bàbá mú ìdérí náà sọ̀kalẹ̀, ó fẹ́ eruku ara rẹ̀, ó fi í sáyè rẹ̀, ó dè é le pẹ̀lú ìka mẹ́sàn-án.

"Pákó dà?" ó ní.

Wọ́n jọ ṣiṣẹ́ títí ó fi kù díẹ̀. Gbogbo ìgbà tí bàbá bá lanu ni Ọ̀gá Ìdérí ń retí kí ẹ̀sín náà padà wálé. Kàkà bẹ́ẹ̀, bàbá á ní kó na pẹ́ńsù sí òun, tàbí kó di etí pákó mú. Ọ̀gá Ìdérí ì bá fẹ́ kó bú òun, kí ara òun fúyẹ́. Nígbà tí wọ́n ń sinmi, bàbá jókòó sórí àga aránṣọ, àga náà mì. Ó dojú rẹ̀ délẹ̀, ó sì tún un ṣe kó tó mu omi.

"Ta ni bàbá yìí gan-an?" ìyàwó bèèrè ní kọ̀rọ̀.

"Onílẹ̀kùn ni."

"Èyí tí ẹ..."

"Òun ni."

Obìnrin náà lọ jókòó sórí àga tí kò mì mọ́, ó sì ń wo ọkọ rẹ̀.

Pẹpẹ tó kẹ́yìn ni wọ́n ń ṣe lọ́wọ́ nígbà tí fóònù bàbá dún. Alága ti dá a padà sínú ẹgbẹ́, ó sì fi ohùn ránṣẹ́ láti bèèrè bí ọwọ́ ọ̀gá wọn ti ń ṣe. Bàbá gbé fóònù jìnnà sí ojú, ó tẹ ibi tí wọ́n ń tẹ̀, ó sì sọ̀rọ̀ sí i: "Ó ń san. Ilẹ̀kùn ló ṣe é. Irú rẹ̀ máa ń ṣẹlẹ̀."

Ìdáhùn kò pẹ́ rárá. "Háà! Ó-Ku-Mẹ́sàn-án ti padà dé!" Ẹ̀rín tẹ̀ lé e, ohùn kan lẹ́yìn òmíràn, ó gba gbogbo ṣọ́ọ̀bù kan. Bàbá rẹ́rìn-ín díẹ̀, irú ẹ̀rín tí ènìyàn ń rín nígbà tí kò sí ohun tó lè ṣe, ó sì ti fóònù bọ àpò. Ọ̀gá Ìdérí kò tíì gbọ́ orúkọ náà lẹ́nu ènìyàn rí. Lójú fóònù ló ti máa ń rí i, ẹni tó ni ín kò sì dúró níwájú rẹ̀ rí.

"Bàbá, ẹ mọ̀ pé kì í ṣe ilẹ̀kùn."

"Mo mọ̀."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún wọn?"

Bàbá ń fi aṣọ nu ojú tábìlì. "Ojú mi ò ríran dáadáa. Ọmọ mi obìnrin ló máa ń bá mi kọ ọ́, òun náà ló ń ka èsì fún mi. Lọ́jọ́ yẹn, ó ń kà á, ohùn rẹ̀ ń lọ sílẹ̀. Nígbà tó yá ó dákẹ́, ó ní fóònù ti kú. Fóònù ò kú. Mi ò fẹ́ kí ìyàwó rẹ ka irú ẹ̀."

Ọ̀gá Ìdérí kò mọ ibi tí ì bá fojú sí. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún fa fóònù tirẹ̀ yọ, ó wá fídíò ọjọ́ náà. Gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀, látorí ìwàásù títí dé orí igbe. Kò gé nǹkan kan kúrò. Ó fi í ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́.

Fóònù dún. Èsì àkọ́kọ́ ni: "Ó ku mẹ́sàn-án àbọ̀!" Ojú kéékèèké tẹ̀ lé e, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, omi ń dà lójú wọn.

"Kí ni wọ́n sọ?" bàbá bèèrè.

"Ohun tí mo sọ fún yín ni."

Bàbá mi orí. Ó ti gbé pákó, ó ti fẹ́ tan ayùn, nígbà tí Ọ̀gá Ìdérí kúnlẹ̀ sínú lẹ́búlẹ́bú.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, bàbá."

"Ti kí ni?"

"Ti ìka yín."

Bàbá gbé pákó náà sílẹ̀. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ fúngbà díẹ̀.

"O ṣeun," ó ní. "Nínú gbogbo yín, ìwọ lo kọ́kọ́ sọ ọ́."