Ẹsẹ̀ Bàbá Sùlé àti Ẹ̀rọ Orin

Ẹ fara balẹ̀, mo fẹ́ sọ ohun kan tó ṣẹlẹ̀ sí mi ní Bantè, ní ilẹ̀ Benin, nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde yunifásítì, tí kásẹ́ẹ̀tì ṣì gbòde.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, Bàbá Sùlé, aránṣọ ni. Nígbà tó yá, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ìka rẹ̀ sì le gbagidi. Abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ìyẹn ó gbà. Ohun tí kò gbà ni kí ó máa pe ènìyàn kó tó lè gbọ́ orin. Wákà ló fẹ́ràn, orin tí wọ́n fi ń yin Ọlọ́run àti Ànábì. Bí Ìyá Sùlé, ìyàwó rẹ̀, bá ti lọ sọ́jà, ilé á dákẹ́ títí di ìrọ̀lẹ́. Nígbà tó ṣe, ó ní òun ò fẹ́ gbọ́ orin mọ́. Ta ló máa gba ìyẹn gbọ́?

Mo wọ takisí lọ sí Savalou láti wá ẹ̀rọ tó máa rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Òntajà kan mú kékeré kan jáde, ó ní ọmọ ọwọ́ pàápàá lè tẹ̀ ẹ́. Mo wo bọ́tìnnì rẹ̀: kò ju ẹ̀wà lọ. Ọmọ ọwọ́ wo? Èkejì ní bọ́tìnnì ńlá, ṣùgbọ́n èmi gan-an fi agbára tì í kó tó wọlé. Bóyá èyí tó dáa jù wà ní Kútọnu, mi ò lè sọ.

Mo wá rò ó pé, ẹsẹ̀ Bàbá ńkọ́? Ẹsẹ̀ ló fi ń wa ẹ̀rọ ìránṣọ láti ọjọ́ pípẹ́, kò sì sí ohun tó ṣe é. Mo ra èyí tó ní bọ́tìnnì ńlá, tó máa ń yí kásẹ́ẹ̀tì padà fúnra rẹ̀. Mo ń dá rẹ́rìn-ín nínú ọkọ̀!

Mo gbé e kalẹ̀, mo ní kí Bàbá fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ó wò mí títí.

"Ọmọ mi, orúkọ Ànábì ló wà nínú rẹ̀. Ṣé kí n wá gbẹ́sẹ̀ lé e lórí?"

Ìyá Sùlé rẹ́rìn-ín. Ó ní ọkọ òun akọ́wé (bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìyàwó ilé wa ń pè mí) kàwé kàwé, ó gbàgbé irú ilé tí wọ́n bí i sí.

Òótọ́ ni. Mo ti ro ti ìka, mo ti ro ti ẹsẹ̀, mi ò ro ti ẹni tó ni ẹsẹ̀.

Mo padà lọ bá Kọ́jó, ọmọ ẹ̀yà Máhì kan tó ń tún rédíò ṣe ní Savalou. Mo bi í bóyá a lè fi bọ́tìnnì orin sílẹ̀ ní títẹ̀, ká kàn máa já iná rẹ̀, ká sì máa dá a padà. Ó ní ó ṣeé ṣe, àmọ́ ó lè tètè jẹ rọ́bà inú rẹ̀. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ó wá tú bọ́tìnnì kan lára ọkọ̀ akẹ́rù àtijọ́, èyí tí awakọ̀ máa ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ láti yí iná ọkọ̀ padà. Tẹ̀ ẹ́, ó ṣí. Tún un tẹ̀, ó pa. Ó fi wáyà gígùn so ó mọ́ ẹ̀rọ orin náà.

Mo gbé ẹ̀rọ orin sórí ẹ̀rọ ìránṣọ Bàbá tí eruku ti bò, mo sì de bọ́tìnnì mọ́ abẹ́ irin tó máa ń fi ẹsẹ̀ wà. Orin wà lókè, ẹsẹ̀ á wà nísàlẹ̀. Àmọ́ ṣé ẹsẹ̀ kan náà kọ́ nìyí?

Bàbá jókòó sáyè rẹ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ lé irin náà.

"Ẹsẹ̀ yìí ni mo fi wa ẹ̀rọ tó rán agbádá ìmáàmù," ó ní. "Òun ló ń wọ̀ lọ kírun."

Ó tẹ̀ ẹ́. Orin dún! Ó pa á, ó ṣí i, ó tún pa á, bí ẹni ń dán an wò bóyá òun nìkan ló ń ṣe é lóòótọ́. Láti ọjọ́ náà, Ìyá Sùlé á ki kásẹ́ẹ̀tì bọ̀ ọ́ láàárọ̀ kó tó jáde. Kò pẹ́ tó fi ń ráhùn pé ariwo àwọn ń dé Lougba lọ́hùn-ún.

Mi ò sọ pé yóò bá gbogbo ènìyàn mu o. Ọwọ́ ẹnìkan ò jọ ti ẹlòmíràn. Àmọ́ kí ẹ tó ra ẹ̀rọ fún ẹnikẹ́ni, ẹ bi í ohun tí ara rẹ̀ lè ṣe, kí ẹ sì bi í ohun tí ọkàn rẹ̀ máa gbà.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ọgbọ́n wo ni ẹ dá fún èèyàn yín tí ọwọ́ rẹ̀ ò ṣiṣẹ́ dáadáa? Ẹ sọ ọ́ fún mi, mo ń fetí sílẹ̀.