Àgùàlà Inú Ìwé Bàámi

Òórùn kòkó tí a fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ló gba gbogbo àgbàlá wa ní Ìpótì láàárọ̀ ọjọ́ tí Bàbá Òjó kápíńtà pariwo wọlé pé, "Mo mà ti borí rẹ lónìí o!"

Ọ̀rẹ́ bàámi ni. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń jiyàn lórí àgùàlà. Bàbá Òjó ní ìràwọ̀ méjì ni, ọ̀kan fún ìrọ̀lẹ́, ọ̀kan fún ìdájí. Bàámi ní ọ̀kan ṣoṣo ni, àkókò ló ń pààrọ̀. "Àgùàlà ń bá òṣùpá rìn, wọ́n ṣe bí ajá rẹ̀ ni," ló máa fi ń dá a lóhùn. Ó wá ra ìwé kan, ó ń kọ gbogbo ọjọ́ tí wọ́n bá rí i sílẹ̀. Fún ọdún mẹ́ta, kò sí ọjọ́ kan tí wọ́n rí i ní ìdájí tí wọ́n tún rí i ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ̀rí rẹ̀ nìyẹn.

Nígbà tí ojú Bàámi wá ń ṣe bàìbàì, Bàbá Òjó ń bá a wo ti ìdájí bó bá ń lọ sóko. Èmi, ọmọ ọdún mẹ́wàá, ló ní kí n máa gun àpáta ẹ̀yìn ilé wo ti ìrọ̀lẹ́, kí n sì kọ ọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n ra tẹlifíṣọ̀n sílé kejì. Bí iná bá ti dé, ó di ìdí fíìmù. Inú yàrá ni mo ti wá ń kọ "mo rí i", torí mo rò pé ibi tó máa ń wà náà ló ṣì wà. Ọ̀lẹ ni mí nígbà náà, mi ò ní pè é ní nǹkan mìíràn.

Bàbá Òjó ní òun rí i ní ìdájí ọjọ́ náà gan-an, lókè ilé òun, bẹ́ẹ̀ ìwé wa ní a ṣì ń rí i nírọ̀lẹ́. Bàámi yíjú sí mi.

"Ọmọ mi, ṣé o rí i nírọ̀lẹ́ àná?"

Pàṣán wà lára ògiri. "Mo rí i, Bàámi."

Màmá mi ní bóyá ojú ló tàn mí. Bàámi ní, "Ọmọ mi kì í purọ́. Méjì ni wọ́n. Bàbá Òjó, o borí." Ó ní kí n gbé ìwé náà sórí àjà. Kò bi mí ní ohunkóhun nípa ojú ọ̀run mọ́ títí ó fi kú.

Olùkọ́ ni mí báyìí. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi pé ọ̀kan ṣoṣo ni àgùàlà. Bàámi ló jàre, ó sì kú láìmọ̀. Ó ń dùn mí wọnú egungun.

Lọ́dún tó kọjá mo lọ bá Bàbá Òjó, tó ti di arúgbó, kí n lè jẹ́wọ́. Kí n tó la ẹnu, ó ti ń rẹ́rìn-ín: "Ọmọ ọ̀rẹ́ mi! Bàbá rẹ mà gbà kó tó kú pé méjì ni."

Lọ́mọ ọdún mẹ́wàá, pàṣán ni mo bẹ̀rù. Mo wo ara ògiri rẹ̀, kò sí pàṣán níbẹ̀.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ni mo wí.