Oògùn Mi Tí Bàbá Mi Jẹ

Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún méjìlá, ọwọ́ mi máa ń yá ju ẹnu mi lọ. Ẹni tó bá fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, kí ó tó rẹ́rìn-ín tán, nǹkan ti bà á. Mo fi bàtà fọ́ tẹlifíṣọ̀n wa. Mo gé olùkọ́ ìṣirò jẹ. Gbogbo àlejò tó bá ya ilé wa ní Karu ló máa ń sọ fún mi pé ìbínú kò da nǹkan, sùúrù ni baba ìwà. Mo mọ òwe náà dáadáa; mo tilẹ̀ máa ń bá wọn parí rẹ̀ kí n tó ta àga nípàá.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló pani lẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kan, mo ju ìdérí ìkòkò lu àbúrò mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́fà, nítorí pé ó fa ìwé mi ya. Wọ́n rán iwájú orí rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, màmá mi gbé e lọ sọ́dọ̀ àǹtí wa ní Bwari, wọ́n ní kò ní padà wálé àfi bí ọwọ́ mi bá rọlẹ̀. Mo sunkún títí ojú mi fi wú. Mo fẹ́ràn ọmọ náà gan-an, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi kì í dúró gbọ́ tẹnu mi.

Ó ti tó oṣù mélòó kan tí a ti ń lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Maitama, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ èmi àti àwọn òbí mi bí a ṣe ń pa iná ìbínú kí ó tó ràn. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ìdérí ìkòkò yìí, dókítà ní kí n dúró níta. Ó sọ fún àwọn òbí mi pé kí a fi oògùn kún un, hóró kékeré kan ní alaalẹ́. Ó ní oorun lè máa kùn mí, mo sì lè máa jẹun ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó ní kí wọ́n ṣàlàyé rẹ̀ fún mi.

Màmá mi ní "Yes, Doctor," wọ́n sì ṣe èyí tó wù wọ́n. Lójú tiwọn, bí ẹ bá sọ fún ọmọ pé oògùn ìbínú rẹ̀ nìyí, ẹ ti fún un láṣẹ láti máa bínú. Ni wọ́n bá mú mọ́ínmọ́ín. Lálaalẹ́, wọ́n á fi ṣíbí tẹ hóró náà lúbúlúbú, wọ́n á pò ó mọ́ ọbẹ̀, wọ́n á dà á lé mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́yin tí wọ́n sè fún èmi nìkan. Bàbá mi, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti ọ́fíìsì dé tebitebi, ẹ̀bà ni tiwọn.

N kò fẹ́ràn mọ́ínmọ́ín rárá. Ṣùgbọ́n ilé wa kọ́ ni ọmọ ti ń sọ pé òun kò jẹ oúnjẹ. Ẹ̀kọ́ ilé kan ṣoṣo tó wọ̀ mí lára ni pé bí mo bá fẹ́ jẹun, kí n kọ́kọ́ pe àgbà sí i. Bí màmá mi bá ti padà sí kíṣìnì, èmi á gbé àwo, mo di orí ìkúnlẹ̀.

"Daddy, ẹ wá jẹun."

Gbogbo ayé ló mọ ìdáhùn: á gba ibi ire. Bàbá mi náà mọ̀ ọ́n. Wọ́n wo ẹyin inú mọ́ínmọ́ín, wọ́n wo ẹ̀bà tiwọn.

"Kai! Ọmọ dáadáa."

Wọ́n jẹ mọ́ínmọ́ín, mo jẹ ẹ̀bà. Báyìí la ṣe é fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Bàbá mi tó máa ń bá àwọn mínísítà jà nínú tẹlifíṣọ̀n bẹ̀rẹ̀ sí í sùn kí ìròyìn tó parí. Wọ́n sùn ní ìpàdé àwọn alàgbà ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣòkòtò kò gba ìdí wọn mọ́. Èmi ńkọ́? Ẹ̀ẹ̀mejì ni ilé-ìwé ránṣẹ́ pe àwọn òbí mi. Ní Bwari, àbúrò mi ti ń pe àǹtí wa ní Mummy, ìyẹn ló sì pa màmá mi lẹ́kún.

Nígbà tí a padà lọ sí ilé ìwòsàn, dókítà gbé mi lé ìwọ̀n, ó yà á lẹ́nu pé n kò sanra rárá.

"Mummy, ṣé ó ń gbé oògùn yẹn mì dáadáa?"

Màmá mi jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ mọ́ínmọ́ín.

"Mọ́ínmọ́ín wo?" ni mo bi wọ́n. "Ṣé ti Daddy?"

Gbogbo wa yíjú sí bàbá mi. Wọ́n ti sùn lórí àga.

Dókítà rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó jí bàbá mi, ó yẹ̀ wọ́n wò, ó ní kò séwu. Ó wá kọjú sí mi.

"Oògùn yìí kì í ṣe ìjìyà o. Á kàn bá ẹ dín iná inú ẹ kù, kí o lè ráyè ronú. Ṣé wàá lò ó?"

Kò sẹ́ni tó bi mí ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ rí.

"Ṣé àbúrò mi á wálé?"

"Ẹ jẹ́ ká gbìyànjú ẹ̀ wò," ni ó wí.

Láti ọjọ́ náà, omi ni mo fi ń gbé e mì, lójú gbogbo ilé. Ó kàn mí láti sanra. Kò ṣiṣẹ́ bí idán. Mo ṣì gbá ògiri lẹ́ṣẹ̀ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ògiri ló borí. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, wọ́n mú àbúrò mi wálé. Ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ló jókòó sí, àpá wà níwájú orí rẹ̀. Wọ́n bu dòdò fún un. Ó wò mí títí.

"Sister mi, ẹ wá jẹun."

Mo mọ ìdáhùn. Ṣùgbọ́n ebi oògùn ń pa mí, ọmọ bàbá mi sì ni mí. Mo mú mẹ́ta. Ó figbe ta, ó sì gbá mi lọ́wọ́ pàá!

Màmá mi sáré yọ láti kíṣìnì. Bàbá mi dìde. Mo wo ọwọ́ mi. Kò gbéra. Mo dá dòdò kan padà sínú àwo rẹ̀.

"Ó ku méjì," ni ó wí, ó sì na àwo sí mi.